Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Gíga Ṣe Lè Wá Iṣẹ́ Kọjá Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka oyè másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun àti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ló gbà pé iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì nìkan ló tọ́ sí àwọn. Àyè iṣẹ́ náà kò tó iye ẹni tó ń gboyè jáde, ẹni tí kò bá sì tètè wo ọ̀nà mìíràn lè jókòó de ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ èyí fún.

Kọ́kọ́ gbé orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mú ìwé, kí o sì kọ gbogbo ohun tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe láti ìgbà tí ìwádìí rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí a wo ẹni tó ṣe ìwádìí lórí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú kan nítorí pé a máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí a rin pẹ́ nínú àpò kí a tó yan án, ìpẹ́ yìí sì wà lára ohun tó ń dín májèlé náà kù. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti mọ bí a ṣe ń mú àpẹẹrẹ láti inú ọjà púpọ̀, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí a ṣe ń kọ àbájáde tí ẹlòmíràn lè gbára lé. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ní agbègbè Ṣàgámù nílò gan-an nìyẹn. Bákan náà, ẹni tó fẹ́ di gàrí sínú ọ̀rá tà gbọ́dọ̀ forúkọ gàrí náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é sì máa ń dá ọ̀pọ̀ oníṣòwò dúró. Ẹni tó mọ ìmọ̀ náà lè ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ó sì gba owó rẹ̀.

Kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì nìkan. Òfin ọdún 1992 lórí ìyẹ̀wò àyíká béèrè pé kí a ṣe ìwádìí kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, ìwádìí náà sì ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nínú. Ẹni tó ti jókòó ti àwọn àgbà ní Òkè-Ẹ̀rì láti kọ ìtàn Erédò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ti kọ́ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú láìmọ̀.

Lẹ́yìn èyí, lọ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí o ń wò. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tó mọ ẹni ló ń ṣílẹ̀kùn: béèrè lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ ta ló wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì mú ọ lọ kí i. Má béèrè iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Béèrè bí ọjọ́ wọn ṣe ń rí, ohun tó ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àti irú òṣìṣẹ́ tí wọn kì í rí gbà.

Síífìí (CV) rẹ, ìwé tó ń sọ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí o ti ṣe, kò gbọ́dọ̀ ju ojúewé méjì lọ. Dípò àkòrí àpilẹ̀kọ rẹ, kọ iye ènìyàn tí o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, iye oṣù tí o fi ṣe é, àti ohun tó jáde níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni o yàn, rántí pé àwọn tí kò ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ olùkọ́ni nílò PGDE, dípúlómà ìmọ̀ olùkọ́ni tí a ń kà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Èyí tó le jù ni ìtìjú. Mo ti rí àwọn tó fi iṣẹ́ gidi pamọ́ fún ìyá wọn, nítorí pé ìyá náà ti ń pè wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n láàárín ọjà. Sọ fún un kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, sì ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún un pẹ̀lú sùúrù. Sọ fún alábòójútó rẹ pẹ̀lú. Lọ bá a nígbà tí orí ìwé kan bá ti parí lọ́wọ́ rẹ, kí ó lè rí i pé o kò fi ìwádìí náà sílẹ̀.