Bí A Ṣe Ń Wọ Aṣọ Àrán Àtijọ́, Tí A Sì Ń Tọ́jú Rẹ̀

Irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó dúró lójú aṣọ ló ń mú àrán dán. Bí irun yẹn bá dùbúlẹ̀, aṣọ á dà bí èyí tí epo ta sí. Omi àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló sábà ń bà á jẹ́. Bí méjèèjì bá pàdé, agbára káká ni irun á fi dìde mọ́. Nítorí náà, ẹ má fi àyọ́ọ̀nù kan ojú àrán rárá, kódà bí ẹ bá tẹ́ aṣọ mìíràn lé e.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú ojú-rírán, kí ẹ fi iná kàn án lórí àwo irin. Bó bá ń rùn bí irun orí tó jóná, sílíìkì ni. Bó bá ń rùn bí ìwé tó jóná, òwú tàbí réyọ́ọ̀nù ni. Bó bá yọ́, tó sì dì ní kókó líle, pọliẹ́sítà ló sábà máa ń jẹ́, òun nìkan lẹ lè fọ̀ nílé: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fún un. Omi máa ń sọ réyọ́ọ̀nù di aláìlágbára. Ògbólógbòó rẹ̀ lè ya níbi tí ẹ ti ń gbé e jáde nínú omi. Alágbàfọ̀ tó ń fi kẹ́míkà fọṣọ láìlo omi ni kí ẹ gbé àwọn yòókù fún, kí ẹ sì fi iṣẹ́ ọnà olówùú wúrà tó bá wà lára rẹ̀ hàn án.

Bó bá hunjọ, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fi kọ́, kí ẹ jẹ́ kí ooru omi híhó máa fẹ́ sí ẹ̀yìn aṣọ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ, torí ojú ìka kì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a síbi tí irun kọrí sí: ibi tó bá ń yọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ni.

Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí lọ́fínńdà gbẹ lára, kí ẹ sì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú sábẹ́ nítorí òógùn. Okùn báàgì lórí èjìká máa ń họ irun kúrò. Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé báàgì. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ inú oòrùn.

Ẹ má ká a sínú àpótí, ojú ìṣẹ́po kì í lọ mọ́. Hángà tó nípọn tí a fi aṣọ wé dára fún bùbá àti fìrígbọ̀n-ọn. Agbádá wúwo, èjìká rẹ̀ á ya lórí hángà: ẹ yí i mọ́ páálí gbọọrọ, kí ojú rẹ̀ wà lóde, kí ẹ fi aṣọ òwú funfun fífọ̀ bò ó. Ọ̀rá máa ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú, nǹkan funfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára aṣọ.

Ní ti káńfọ̀ (hóró funfun náfútalíìnì tí a fi ń lé kòkòrò kúrò nínú aṣọ), bí ọmọ ìkókó bá wà nílé, ẹ má lò ó rárá. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á láti ìbí. Òórùn rẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú wọn débi tó lè ṣàkóbá fún ọpọlọ. Aṣọ tí òórùn káńfọ̀ bá ti mọ́ lára, ẹ má fi gbé ọmọ tuntun.