Ẹ Dúró Lókèèrè Kí Ẹ Tó Wọlé: Ìtọ́sọ́nà Lórí Kíka Ojú àti Ìṣesí Ewúrẹ́ àti Àgùntàn

A ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà yìí nítorí àwọn ewúrẹ́ tí ó kú ní agboolé púpọ̀ láàárín Àkúrẹ́ àti Ìdànrè nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá. Níbi gbogbo tí a yà sí, ìbéèrè kan náà ni a bi àwọn olóhun-ọ̀sìn: ìgbà wo ni ẹ kọ́kọ́ rí i pé ara ẹran yìí kò dá? Èsì kan náà ni wọ́n sì ń fún wa, bí ẹni pé wọ́n jọ kọ́ ọ sórí: “Ó ṣì sáré wá jẹun lánàá.” Lórí èsì yìí ni a fẹ́ dúró. A kò ní sọ̀rọ̀ nípa kíkọ́ ilé ewúrẹ́ tàbí sísá èèpo ẹ̀gẹ́, nítorí pé ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀, tàbí tí ẹ mọ̀ tí ẹ kò ṣe, ni pé bí ẹran bá ti rí yín, ojú tí ó ń fi wò yín ti yàtọ̀ sí ojú tí ó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ewúrẹ́ àti àgùntàn a máa fi àárẹ̀ pamọ́ fún ohunkóhun tí ó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Mo wà ní agboolé kan ní Ọ̀bá-Ilé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kí màmá tí ó ni ẹran tó jáde. Ewúrẹ́ dúdú kan kọjú sí ògiri bí ọmọ tí olùkọ́ ń fìyà jẹ. Orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀ dé ìdajì, ìrù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí, àwọn yòókù ń jẹ àpọ̀jẹ, òun kò jẹ ẹ́. Bí ó ti gbọ́ ìró abọ́ tánganran tí wọ́n fi ń kó èèpo ẹ̀gẹ́, ó gbé orí sókè, etí rẹ̀ nà, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá. Màmá wò mí, wọ́n ní, “Ṣé ẹ rí i? Nǹkan kan kò ṣe é.” Ewúrẹ́ náà fi ẹnu kan èèpo, kò gbé e mì. Ní ọjọ́ kẹta ni ó kú. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi màmá ṣẹ̀sín o, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe pàdánù àgbò iléyá kan ní ilé ara mi.

Bí a ti ń wò wọ́n

Láàárín aago 6 sí aago 7 òwúrọ̀, kí abọ́ oúnjẹ tó jáde rárá, ẹ dúró sí ibi tí ó jìnnà sí wọn tó mítà 10, èyí tí ó tó ìṣísẹ̀ 13 àgbàlagbà, lẹ́yìn igi tàbí lójú fèrèsé tí wọn kò ti ní rí yín. Ìṣẹ́jú 10 ni kí ẹ fi dúró. Ẹni tí ó dúró fún ìṣẹ́jú 3 tí ó sì ń tẹ fóònù kò tíì wo ohunkóhun. Ẹ tún un ṣe láàárín aago 5 sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí ó yà sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà èyí tí kò jẹ àpọ̀jẹ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ́, kí ẹ tó wá wo ojú. Ẹ ka mímí rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń wú tí ó sì ń fà fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ewúrẹ́ àgbà tí ó ń sinmi a máa mí ní ìgbà 15 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe kà á ní ọ̀sán gangan, oòrùn á ṣì yín lọ́nà.

Àwọn kan a máa yin ewúrẹ́ tí ó yà sọ́tọ̀ pé onítìjú ni, pé ó níwà pẹ̀lẹ́. Kò sí ewúrẹ́ onítìjú. Ọ̀kan ṣoṣo ni a yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn abo tí oyún rẹ̀ ti pé. Nǹkan bí ọjọ́ 150 ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ó gba akọ sára ògiri. Bí abo bá dá dúró tí ó ń bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó sì ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ láàárín ọjọ́ 145 sí 155, ọmọ ni ó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 90 ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ibi 5 ní ojú

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwọ̀n kan jáde tí a fi ń ka ìrora lójú àgùntàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ àwọn tí ọmú wọn wú àti àwọn tí pátákò wọn ń jẹrà. Ibi 5 ni wọ́n ń wò. Ojú a máa há, bí ojú ẹni tí èéfín ń ta. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa le. Etí a yí sísàlẹ̀, débi pé ẹni tí ó dúró níwájú kò ní rí inú rẹ̀ dáadáa. Ètè àti àgbọ̀n a fà sẹ́yìn. Ihò imú, tí ó máa ń rí bí lẹ́tà U, a sún mọ́ra di V. Ibi kọ̀ọ̀kan ni a ń fún ní 0 bí kò bá sí àmì, 1 bí ó bá wà díẹ̀, 2 bí ó bá hàn gbangba. Àgùntàn ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ní ti ojú àti etí, a ti rí i pé ó wúlò fún ewúrẹ́ wa pẹ̀lú. Ní ti etí, ẹ ṣọ́ra: etí ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa a máa nà ró, ti ewúrẹ́ gíga tí a rà lọ́wọ́ àwọn Hausa a máa wọ́lẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ojú tí ẹran náà ní lánàá ni kí ẹ fi wé tòní, ẹ má fi wé ti aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń pe ẹ̀rù ní ìrora. Ẹ̀rù a máa la ojú sílẹ̀ títí funfun rẹ̀ á fi hàn, etí á máa jù síwá sẹ́yìn, gbogbo agbo ni yóò sì kọjú sí ibì kan náà. Bí ajá tí ó kọjá bá ti lọ, ó tán. Ìrora a máa há ojú, ẹran kan ṣoṣo ni ó ń ṣe, kì í sì í tán bí ajá bá lọ. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tún tẹ̀ bí ọrun, tí ẹ sì gbọ́ tí ó ń payínkeke, ẹ má dúró de ìrọ̀lẹ́.

Àwọn náà ń ka ojú yín. Àdánwò kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé ewúrẹ́ mọ àwòrán ojú tí ó ń rẹ́rìn-ín yàtọ̀ sí èyí tí ó fajú ro, èyí tí ó ń rẹ́rìn-ín ni ó sì máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ti àgùntàn ti wà láti 2001: ó lè rántí ojú àgùntàn 50 fún ọdún 2. Nítorí náà, ẹni kan náà ni kí ó máa ṣọ́ wọn lójoojúmọ́, kí ó má sì jẹ́ ọmọ tí ó ń fi pàṣán ṣeré.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i

Bí ibi 2 lójú bá gba 2, tàbí tí ẹran kan náà bá yà sọ́tọ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín wọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ fún un ní omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, lẹ́yìn ìhà, fún ìṣẹ́jú 2. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ kí ikùn yí ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán. Bí ẹ bá ní ohun ìwọ̀n ìgbóná, ìwọ̀n 38.5 sí 40 lórí ìwọ̀n Celsius ni ti ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá. Ipin ojú, ikun imú àti ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀kan náà a máa jẹ́ àmì kátà, àrùn tí ó máa ń ràn láàárín ewúrẹ́ àti àgùntàn (PPR). Ẹran bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọjà Ẹrẹkẹsán tàbí ọjà kankan, bó ti wù kí owó ilé ìwé ọmọ le tó. Ojú kíkà kò sì rọ́pò abẹ́rẹ́ àjẹsára kátà, tí ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ ń dáàbò bò ó fún ọdún 3.

Ẹ fi ẹfun kọ iye tí ibi kọ̀ọ̀kan gbà sára ògiri, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí dókítà ẹranko bá dé, ẹ fi hàn án kí ó tó wọ inú ilé ewúrẹ́, kí ẹ sì ní kí òun náà kọ́kọ́ bá yín dúró lójú fèrèsé fún ìṣẹ́jú 10.