Ìjábọ̀ Ìtajà Láìkọ Kóòdù: Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe Nínú Excel

Bí oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ bá ní Excel òun ń purọ́, fọ́múlà kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo máa ń béèrè ẹni tó ń tẹ iye owó síbẹ̀, àti irú kọ̀ǹpútà tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ kóòdù kọ kó tó lè ṣe ìjábọ̀ tó péye nínú Excel tàbí Google Sheets: iye tó wọlé lóṣù, ọjà tó ń yá, ẹni tó jẹ wá lówó. Ibi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ ló sábà máa ń wọ́, ìjábọ̀ á kàn wá gba ẹ̀bi.

Kọ́mà àti pọ́ìǹtì láàárín owó

Ẹnu ààlà Benin àti Nàìjíríà la wà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà ní Kútọnu ń sọ Faransé, èyí tí ẹ̀gbọ́n rà bọ̀ láti Èkó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì kì í sì í ka nọ́ńbà bákan náà. Lórí ètò Faransé, kọ́mà ló ń ya odidi kúrò lára ìdá. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, pọ́ìǹtì ni. Nítorí náà, bí ọmọ ìsọ̀ bá tẹ 12,500 sórí kọ̀ǹpútà Faransé, ẹgbẹ̀rún méjìlá ààbọ̀ ti di méjìlá ààbọ̀ lásán. Bó bá tẹ 12.500 sórí ti Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan náà ló já sí. Bó bá wá tẹ 12.500 sórí ti Faransé ńkọ́? Excel sábà máa ń kà á sí ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn kọ orúkọ síbẹ̀, kò sì ní fi kún owó.

Ẹ wo ìlà mẹ́ta yìí lórí kọ̀ǹpútà Faransé: 86000, 12.500, 43000. Àpapọ̀ wọn yẹ kó jẹ́ 141500. Ohun tí SOMME (fọ́múlà ìròpọ̀, SUM lédè Gẹ̀ẹ́sì) máa gbé jáde ni 129000, torí ó ti fo èyí tó wà láàárín. Ẹ lọ tẹ ìlà mẹ́ta kan náà sórí ti Gẹ̀ẹ́sì, 129012.5 lẹ máa rí. Kò sí àmì pupa kankan, kò sí ìkìlọ̀. Ẹni tí kò bá wádìí á ti fẹ̀sùn olè kan ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ tẹ 12500 gbalaja, láìsí àmì kankan láàárín. Tí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn kà, ẹ jẹ́ kí Excel fúnra rẹ̀ fi àlàfo sí i láti inú Format de cellule. Ẹ má sì kó nọ́ńbà sáàárín àpótí nítorí ẹwà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nọ́ńbà gidi á fara ti ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ti di ọ̀rọ̀ á fara ti ọwọ́ òsì. Ojú lásán lẹ fi máa rí ọ̀tá.

Ẹni tó ń kọ́ Excel lórí fídíò àwọn ará Nàìjíríà náà á bá irú rẹ̀ pàdé: SUM tó tẹ̀ sórí ètò Faransé á fún un ní #NOM?, ìyẹn ni pé Excel ò mọ orúkọ yẹn. SOMME ni kó tẹ̀, kó sì fi àmì (;) sí ibi tí wọ́n fi kọ́mà sí nínú fídíò.

Àkọsílẹ̀ tó fẹ́ jọ ìjábọ̀

A fẹ́ràn ìwé tó rẹwà ju bó ṣe yẹ lọ. Àkọlé gbàǹgbà tó gba àpótí mẹ́jọ tí wọ́n so pọ̀, lẹ́yìn náà oṣù kìíní, àpapọ̀, ìlà òfìfo, oṣù kejì. Ẹlòmíì á tún ya ojú ewé ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún títẹ̀ sórí ìwé, àmọ́ Excel ò lè fi ṣe nǹkan kan. Àpapọ̀ tó wà láàárín ọjà pàápàá máa mú kí ẹ ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú ewé tí ẹ ti ń kọ ọjà kò níláti lẹ́wà. Ìlà àkọ́kọ́ ni orúkọ òpó: ọjọ́, ọjà, iye ẹrù, owó, irú owó, bó ṣe san án, oníbàárà. Títà kan, ìlà kan, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, láìsí òfìfo láàárín. Ojú ewé mìíràn ni ìjábọ̀ ń gbé. Ibẹ̀ lẹ máa ṣí Tableau croisé dynamique (PivotTable lédè Gẹ̀ẹ́sì, tábìlì tó ń bá yín ṣàkópọ̀ àkọsílẹ̀) sí, tí ẹ óò kàn fi máòsì wọ́ orúkọ òpó síbi tó yẹ. Kò sí kóòdù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwìn ló máa ń bí mi nínú jù. Oníbàárà gbé ẹrù lóṣù kẹta, ó san owó lóṣù karùn-ún, wọ́n padà lọ pa «àwìn» rẹ́, wọ́n kọ «ó ti san». Ìjábọ̀ oṣù kẹta tí ẹ ti fi han ọ̀gá ti yí padà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìlà àwìn wà bó ṣe wà, kí ẹ kọ owó tó san sí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó san án.

Orúkọ ọjà ńkọ́? Ní Kétu tàbí Sábẹ̀, ẹnì kan á kọ ẹ̀wà, èkejì á kọ ewa, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìkọ̀wé tijọba Benin á kọ ɛ̀wà, ẹni tó lọ ilé ìwé Faransé á kọ haricot. Lójú Excel, ọjà mẹ́rin ni. Kì í bìkítà nípa lẹ́tà ńlá tàbí kékeré, àmọ́ ó ka àmì ohùn àti àmì abẹ́, ó tún ka àlàfo tí ọwọ́ fi ṣèèṣì tẹ̀ síparí ọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ má kọ Yorùbá lámì o! Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ fi Validation des données ṣe é ní lísìtì, kí ọmọ iṣẹ́ máa mú un níbẹ̀ dípò kó máa tẹ̀ ẹ́.

Náírà, TVA àti nọ́ńbà fóònù

Ẹni tó ń tajà ní Ìgólò mọ̀ pé owó méjì ló ń wọlé. Kíkó náírà àti fáráńkì sínú òpó kan náà burú, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ iye pàṣípààrọ̀ sí àpótí kan ṣoṣo lókè, kí wọ́n sì máa yí i bí ọjà ṣe ń yí. Fáráńkì wa so mọ́ euro ní 655,957, ibẹ̀ ló dúró sí. Náírà ò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Tí ẹ bá yí àpótí yẹn lónìí, gbogbo ọjà ọdún tó kọjá ló yí padà tẹ̀lé e. Iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà títà kọ̀ọ̀kan.

TVA (owó orí ọjà, VAT lédè Gẹ̀ẹ́sì): ẹnì kan gba 118000 fáráńkì, TVA 18% ti wà nínú rẹ̀. Láti yọ ọ́, ó yọ 18% lára 118000, ó ku 96760. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 1,18 pín 118000, 100000 ló jẹ́. Fáráńkì 3240 ló sọnù nínú ìwé lórí títà kan ṣoṣo.

Láti 30 oṣù kọkànlá 2024 tí nọ́ńbà fóònù wa ti di oní-10, 01 ló bẹ̀rẹ̀ wọn, Excel á sì jẹ òdo iwájú bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà. Ẹ sọ òpó yẹn di Texte kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, àìṣe bẹ́ẹ̀, RECHERCHEV (fọ́múlà tó ń wá nǹkan nínú tábìlì, VLOOKUP lédè Gẹ̀ẹ́sì) ò ní rí oníbàárà tó fi MoMo, owó orí fóònù, sanwó.

Ìjábọ̀ àná

Nínú ọ̀pọ̀ Excel, Tableau croisé dynamique kì í sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ẹ kọ ọjà tuntun láàárọ̀, ti àná ni yóò ṣì máa fi hàn títí ẹ ó fi tẹ Actualiser. Bó bá sì jẹ́ pé ìlà 200 lẹ sọ fún un pé kó parí sí, kò ní ka ìkọkànlénígba láé. Ẹ kọ́kọ́ fi Mettre sous forme de tableau di àkọsílẹ̀ yín, á máa gùn bí ẹ ṣe ń kọ. Kì í ṣe oníṣòwò nìkan nírú èyí ń ṣe. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè. Ọdún 2013 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan, Thomas Herndon, tó ó rí i pé fọ́múlà Excel wọn ò dé ìsàlẹ̀: orílẹ̀-èdè márùn-ún ni kò kà.

Kí ẹ tó fi ìjábọ̀ han ẹnikẹ́ni, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ ro àwọn rìsíìtì rẹ̀ pọ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n bá ara mu. Ẹ má sì fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta lórí WhatsApp pé kí wọ́n bá yín kún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti ní «rapport», «rapport final» àti «rapport final vrai», oníkálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ẹ fi Google Sheets kan ṣoṣo ṣe é: ẹni tó ń tẹ ọjà ni Éditeur, ọ̀gá tó fẹ́ máa wò ni Lecteur. Bí iye kan bá yí padà lóru, Historique des versions á fi ẹni tó yí i àti aago tó yí i hàn yín.