Bí ẹ ṣe lè túmọ̀ ìparí NCIS fún ìyá yín

Nígbà òtútù 2018, Màmá wá bá mi gbọ́mọ ní Baltimore. Wọn kò lè jáde, la bá ń wo NCIS lálaalẹ́, eré àwọn tó ń wádìí ọ̀ràn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò kọjá "gúdù mọ́níìn", èmi sì ni ògbufọ̀ wọn. Ibi tí ògbufọ̀ ti ń ṣubú ni ìparí sáà, níbi tí wọ́n ti máa ń mú ẹnì kan kúrò nínú eré.

Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn inú eré lórúkọ tó máa rọ̀ wọ́n lẹ́nu. Leroy Jethro Gibbs di Bàbá Ọlọ́kọ̀, torí ọkọ̀ ojú omi tó ń kàn ní abẹ́ ilé rẹ̀. Ducky di Dókítà Òkú, DiNozzo di Aláwàdà. Kate ò le, Kéètì ni. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í gba gbẹ̀rẹ́ fún Aláwàdà.

Ẹ dá wo ìparí náà kí ẹ tó jọ wò ó. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti sáà kejì, èyí tó jáde ní oṣù karùn-ún 2005, ojú mi sì rí i. Wọ́n wà lórí òrùlé kan. Kéètì fò síwájú Bàbá Ọlọ́kọ̀, ó fi àyà gba ọta, àmọ́ ẹ̀wù ayẹta wà lára rẹ̀, ó dìde. Ara tù wọ́n. Aláwàdà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní lè lọ ṣe Pilates lọ́la. Bàbá Ọlọ́kọ̀, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, yìn ín. Pilates ni èmi ṣì ń túmọ̀: "Màmá, eré ìdárayá kan báyìí ni, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ sókè..." Ìbọn dún. Ihò kan ṣoṣo níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ ta sí Aláwàdà lójú, Kéètì ti wà nílẹ̀.

Màmá ní, "Èyí tó dùbúlẹ̀ yìí, ìgbà wo ló máa gbẹ́sẹ̀ sókè?"

Torí náà, bí ewu bá ti kọjá, tí wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín, ẹ panu mọ́. Ẹ má túmọ̀ àwàdà kankan. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n fi bo ìbọn mọ́lẹ̀. Ó di ìgbà tó bá ṣubú kí ẹ tó dá a dúró, kí ẹ wá ṣàlàyé pé Ari, ọ̀tá Bàbá Ọlọ́kọ̀, ló yìnbọn láti òkèèrè.

Ẹ tètè sọ pé òṣèré kò kú o. Sasha Alexander tó ṣe Kéètì ló fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún un. Èmi gbàgbé. Nígbà tí sáà kẹta bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí Kéètì níwájú wọn, Màmá ní, "Àkúdàáyà!" Mo ní rárá, ọkàn wọn ló ń rí i. Kò pẹ́ tá a fi ṣí eré mìíràn, Rizzoli & Isles: Kéètì rèé ní Boston, ó ti di dókítà tó ń yẹ òkú wò.

"Ìlú mìíràn, orúkọ mìíràn, iṣẹ́ mìíràn," ni Màmá wí. "Kí ni mo sọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Èyí tó ṣòro jù ni kí ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò fún lílọ náà. Nínú ìparí sáà kẹtàlá, 2016, Aláwàdà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ torí Tali, ọmọ tí kò mọ̀ pé òun bí. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n Ziva, ìyá ọmọ náà, ìròyìn la gbọ́ pé ohun ìjà balẹ̀ sórí ilé rẹ̀ ní Ísírẹ́lì. Mo ní, "Ziva ti kú." Màmá ní, "Ta ló rí òkú rẹ̀?" "Wọ́n ní ó kú" ló yẹ kí n sọ.

Màmá ti padà sí Ìbàdàn nígbà tí ìparí sáà kẹrìndínlógún jáde ní oṣù karùn-ún 2019. Aago méjì òru ti lù níbẹ̀ nígbà tí mo pè wọ́n.

"Ṣé kò sí o?"

"Ziva ni, Màmá."

"Wọ́n ti rí òkú rẹ̀?"

"Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Bàbá Ọlọ́kọ̀."