Ikọ́ òru ọmọ mi: jẹnẹrétọ̀ àti kọ́ìlì ẹ̀fọn ló fà á

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rin, fi ń wúkọ́ lálaalẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á yá. Tí iná bá tún ti lọ lálẹ́, ikọ́ dé nìyẹn.

Mo ti gbogbo fèrèsé pa, ooru ló mú wa. Mo pààrọ̀ kọ́ìlì ẹ̀fọn sí oríṣi mìíràn, kò yàtọ̀. Màmá mi ní kí n fi òrí pa á láyà. Ó sùn díẹ̀, ó tún jí.

Nọ́ọ̀sì kan ló bi mí pé, "Ìyá ọmọ, kí ló ń jó nítòsí ibi tó ń sùn?" Àyà mi já. Abẹ́ fèrèsé yàrá gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wa wà! Ó ní ọmọ ọwọ́ ń mí kíákíá ju àgbà lọ, àti pé gáàsì carbon monoxide inú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa èèyàn lójú oorun.

Bàbá ọmọ ra wáyà gígùn lọ́jọ́ kejì. A gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìdí ògiri ọgbà, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, a kọ ẹnu èéfín rẹ̀ síta, níbi tí kò ti ní fẹ́ sí àwọn aládùúgbò. A ń pa á ká tó sùn. Mo kó kọ́ìlì dànù, mo ta àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn. N kì í pọ̀n ọ́n dáná mọ́.

Lálẹ́ kẹrin, ó sùn mọ́jú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ikọ́ ọmọ tiyín lè má jẹ́ ti èéfín o. Tó bá ń mí gúlegúle, tàbí tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.