Ẹran Tí Kò Fẹ́ Omi: Ìtọ́sọ́nà Lórí Màlúù Dídín àti Ọbẹ̀ Bùrándì

Bí ẹran màlúù bá wọlé nílé Yorùbá, omi ló kàn. A ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e kaná, a ó rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ìgbà tó bá rọ̀ la tó ń sọ̀rọ̀ dídín. Oúnjẹ tí ìwé yìí dá lé kò fẹ́ ìyẹn rárá. Àwọn ará Faransé ló ni ín, steak au poivre ni wọ́n ń pè é: màlúù tútù tó nípọn, tí a fi ata dúdú gígún ra lára, tí a dín nínú páànù gbígbóná, tí a sì fi bùrándì (ọtí líle kan) àti kírímù (ọ̀rá tó ń léfòó sórí wàrà) se ọbẹ̀ sínú páànù kan náà. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí iná. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí iná tó tàn.

Lọ́dọ̀ alápatà

Ẹran tó ń ṣiṣẹ́ lára màlúù ló máa ń le: itan, apá, ọrùn. Màlúù tiwa sì ti fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ẹ má ṣe ra ẹran itan fún oúnjẹ yìí. Ẹ ó kàn máa jẹ ẹ́ títí eyín á fi dùn yín ni. Lábẹ́ eegun ẹ̀yìn, láti inú, ẹran gígùn kan wà níbẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Fílẹ́ẹ̀tì ni àwọn alápatà tó ń tà fún hòtẹ́ẹ̀lì ń pè é. Òun ló rọ̀ jù. Bí owó rẹ̀ bá ga jù, ẹ mú ẹran orí eegun ẹ̀yìn, lápá ibi ìhà, èyí tí ọ̀rá funfun wà káàkiri inú rẹ̀.

Ẹ tètè sọ̀rọ̀ o. Bí àdá alápatà bá ti gbéra, ègé ọbẹ̀ ló máa gé e sí. Ẹ ní kó gé e lódìdì, kó dábùú okùn ẹran, kó nípọn tó ìka méjì, bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Gíráàmù 200 sí 250 tó ẹnì kan.

Ẹ wo òǹtẹ̀ àwọn tó ń yẹ ẹran wò. Aràn pẹlẹbẹ gbọọrọ kan wà tó máa ń ti inú màlúù bọ́ sínú ènìyàn. Nínú ẹran ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, nínú àpò kékeré funfun tí kò ju hóró ìrẹsì tàbí ẹ̀wà lọ. Ẹran tí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má rà á, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọn kì í sábà jẹ màlúù lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Inú òtútù ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èròjà tó wà nínú ẹran fúnra rẹ̀ lè máa rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tiwa, wọ́n pa á ní ìdájí, ó ti wà nínú ìkòkò ní ọ̀sán, nígbà tó ṣì gan. Bí fíríìjì yín bá ń tutù dáadáa, tí kò kọjá 4°C, ẹ fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí iná mànàmáná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹran tó bá ti ń rùn, bùrándì ò lè bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ara ẹran gbẹ

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ ra ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sórí àwo sínú fíríìjì láìdé e. Iyọ̀ á kọ́kọ́ fa omi jáde, ẹran á tún fa omi oníyọ̀ náà padà sínú, ojú rẹ̀ á sì gbẹ. Bí kò bá sí àyè ìyẹn, ẹ fi iyọ̀ sí i ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú, tàbí nígbà tó bá ku díẹ̀ kó wọ páànù. Àárín méjèèjì yẹn ni kò dáa, torí ìgbà yẹn ni omi kún ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí bébà ìnuwọ́ nù ún títí kò fi ní sí omi lára rẹ̀ mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi dán an wò, mo fọ ẹran náà tán, mo jù ú sí páànù bẹ́ẹ̀. Ó tú omi jáde, ó hó nínú omi ara rẹ̀, ó sì di eérú láwọ̀. Omi kì í kọjá 100°C bó ti wù kí iná pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú àti òórùn tó ń fa ènìyàn lọ sọ́dọ̀ onísúyà, bíi 140°C ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran tí omi bá wà lára rẹ̀ kò lè débẹ̀. Onísúyà mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ síwèé fún un: ẹ̀gbẹ́ iná ló ń to ẹran sí, kì í ṣe inú omi.

Àwọn kan máa ń sọ pé dídín yìí ń dí ojú ẹran kí omi inú rẹ̀ má bàa jáde. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ló tan ọ̀rọ̀ yẹn kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí páànù: ariwo tó ń ta ṣàà yẹn, omi ẹran ló ń jáde. Nítorí adùn la ṣe ń dín in.

Ata dúdú, ẹ gún un nínú odó kó fọ́ sí wẹ́wẹ́, kó má kúnná. Ṣíbí ọbẹ̀ kan tó fún ègé méjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran lára. Iyèré tiwa, mọ̀lẹ́bí ata dúdú ni, ó sì lè dúró fún un, ṣùgbọ́n ẹ dín in kù sí ìdajì. Ó lágbára, ó sì korò díẹ̀.

Lórí iná

Páànù irin tó wúwo ni kí ẹ lò. Èyí tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ kò ní í ṣe é, nítorí pé ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ gan-an la fẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí ẹ da ṣíbí ọbẹ̀ kan òróró ẹ̀pà sí i. Bọ́tà máa ń jóná kíákíá, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Tí òróró bá ti ń sọ èéfín fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ gbé ẹran sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ má tì í, ẹ má gbé e wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ yí i padà, kí ẹ fi ṣíbí bọ́tà kan sí i, kí ẹ máa bu bọ́tà yíyọ́ náà dà á lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn.

Àwọn ará Faransé a máa jẹ ẹ́ kí inú rẹ̀ ṣì pupa, ní bíi 52 sí 54°C. Èmi kò ní í gba ìyẹn nímọ̀ràn fún ẹran ọjà wa, nítorí aràn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àárín rẹ̀ dé 63°C, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má gbà kó kéré sí ìyẹn. Tẹmọ́mítà oúnjẹ ló lè sọ òótọ́. Bí kò bá sí, ẹ fi ọ̀bẹ la àárín rẹ̀ wò, kí ẹ dín in títí pupa tútù kò fi ní sí níbẹ̀ mọ́. Ti aboyún, ọmọdé àti arúgbó, ẹ jẹ́ kó jinná dénú. Ẹ gbé e sórí àwo, kó sinmi bíi ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje.

Ọbẹ̀

Ẹ wo ìdí páànù. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, ìdí ìkòkò ìrẹsì òde àríyá ni ẹ fi wé e: ibẹ̀ ni adùn wà. Bí ó bá ti dúdú bí èédú, ẹ fọ páànù, kí ẹ fi bọ́tà bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ da ọ̀rá tó pọ̀ jù nù, kí ẹ rẹ́ àlùbọ́sà kékeré kan wẹ́wẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú kan.

Bùrándì ló kàn. Láti ara wáìnì ni wọ́n ti ń sè é, àwọn Faransé a sì máa lo èyí tó wá láti agbègbè ìlú Cognac, tó ti lo ọdún méjì ó kéré tán nínú àgbá igi oak. Kò sí ìdí láti ṣí ìgò olówó gọbọi tí ẹ tọ́jú de ayẹyẹ. Ẹ wọn ìwọ̀n ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin sínú ife. Ẹ má da ọtí láti inú ìgò sí páànù láé, torí iná lè gun ìgò náà wá bá ọwọ́ yín. Ẹ pa gáàsì tàbí kí ẹ gbé páànù kúrò lórí iná kí ẹ tó dà á. Ní ilé oúnjẹ ńlá, wọ́n á ṣáná sí i kó jó bùlàbùlà lójú oníbàárà. Ìran lásán ni. Ẹ gbé e padà síná, ẹ jẹ́ kó hó títí yóò fi ku ìdajì, kí ẹ máa fi ṣíbí onígi ha ìdí páànù.

Ògógóró ńkọ́? Òun náà lágbára, ṣùgbọ́n kò ní adùn igi. Àti pé ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn kú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ìpínlẹ̀ Rivers nítorí ògógóró tí methanol, irú ọtí olóró kan, wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ ẹni tó pọn ọ́n, ẹ má gbé e wọ ilé ìdáná.

Ẹ má sì sọ fún àlejò pé ọtí náà ti gbẹ tán. Púpọ̀ ń ṣẹ́ kù, pàápàá bó bá jẹ́ pé iná la ṣá sí i. Fún Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, omi ẹran tó ki àti ẹ̀kán ọtí kíkan (fínígà) díẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ṣe tiwọn nínú páànù ọ̀tọ̀.

Ẹ da ìdajì ife omi ẹran sí i, kó tún hó. Lẹ́yìn náà, ìdajì ife kírímù. Ẹ ra èyí tí ọ̀rá inú rẹ̀ tó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ni kì í ṣẹ́ lórí iná, ìyẹn ni pé kì í pín sí omi àti wóró. Mílíìkì alágolo lè ṣẹ́, pàápàá bí ọtí kíkan bá wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí òmíràn, ẹ pa iná kí ẹ tó dà á sí i. Tí ọbẹ̀ bá ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, ẹ da omi tó ti ara ẹran jáde sórí àwo sínú rẹ̀, kí ẹ tọ́ iyọ̀ wò, kí ẹ dà á lé ẹran lórí.

Ànàmọ́ òyìnbó díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Faransé. Dùndún ni mo fi ń jẹ tèmi, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ dáadáa, kó lè fa ọbẹ̀ mu. Èyí tó bá ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta. Bí ẹ bá fẹ́ tún ọbẹ̀ náà gbé kaná lọ́jọ́ kejì, iná kékeré ni, pẹ̀lú ṣíbí omi kan.