Àṣìṣe tí ẹ̀yin tó ń kan àpótí sípíkà fúnra yín ń ṣe

Bí Iléyá bá ti ku oṣù kan báyìí, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé plywood wá sí ìsọ̀ mi n'Íjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta ọdún, ni kálukú ń lé. Inú mi dùn sí i pé ẹ fẹ́ mọ iṣẹ́ náà, àmọ́ owó tí mo ń wò tó ń ṣòfò ń dùn mí.

1. Ẹ má wo iye wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. RMS, ìyẹn agbára tí sípíkà lè gbé láìdáwọ́dúró, ni kí ẹ bèèrè.

2. Ẹ má lo pákó tí wọ́n fi lẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀. Bí òjò bá pa á, yóò wú bíi gàrí tí wọ́n da omi sí.

3. Ìwọ̀n inú àpótí. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òdogbolú fi owó àjọ ra sípíkà 12 ínǹṣì méjì. Ó ti ṣírò tirẹ̀ wá: 40 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 40 lọ́nà 60, ó pín in sí 1,000, ó jẹ́ lítà 96, iye tí ó ń fẹ́ gẹ́lẹ́. Ìta àpótí ló wọ̀n! Plywood 18 mílímítà jẹ sẹ̀ǹtímítà 3.6 lára ìbú, lára gíga àti lára jíjìn. Inú rẹ̀ kò pé lítà 75. A kò tíì yọ àyè tí sípíkà fúnra rẹ̀ máa gbà, bẹ́ẹ̀ lítà 96 ló fi ṣírò ihò atẹ́gùn. Bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, kò jinlẹ̀ mọ́, ó kàn ń dún gbúù-gbúù lójú kan.

Láti 1961 ni Neville Thiele ti ṣàlàyé l'Ọsirélíà bí sípíkà àti àpótí ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́. Fs, Qts àti Vas, nọ́ńbà mẹ́ta tó ń sọ ìwà sípíkà nínú ìwé tó bá a wá, òun ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. WinISD á bá yín ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Èmi náà fojú wọn àpótí mẹ́rin rí fún ilé ìjọsìn kan. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, àpò ara mi ni mo sì ti ra plywood míì.

Tuítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, máa jó bí kò bá ní kápásítọ̀ tó ń dí ohùn ìsàlẹ̀ fún un.

Bí ẹ bá so sípíkà mẹ́rin oní-8 ohm mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ (plus mọ́ plus, minus mọ́ minus), 2 ohm ló kù; ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Ọ̀pọ̀ áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, kò lè gbé e.

Wáyà tó yí padà ńkọ́? Ní òde kan ní Ṣágámù, bẹ́ẹ̀sì kò jáde rárá, ẹni tó ń bójú tó ohùn sì ń yí iná áńpù sókè ṣáá. Mo yọ bátírì 1.5 fóltì lápò, mo fi kan ẹnu wáyà sípíkà kìíní fírí: pépà rẹ̀ yọ síta. Mo kan ti èkejì bákan náà, ó wọlé. Ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Mo yí wáyà kan padà, ilẹ̀ mì tìtì.

Bí sípíkà méjì pálọ̀ lásán ni ẹ ń wá, tí ẹ kò sì ní irinṣẹ́, ẹ ra èyí tí wọ́n ti kàn. Owó plywood, gọ́ọ̀mù àti kápásítọ̀ lè jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kàn án lóòótọ́, ìwé sípíkà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wá, kí ẹ tó gbé pákó.